Ara Yá, Ìwé Kò Wọlé: Àwọn Ọmọ Tí Ọpọlọ Wọn Farapa ní Lomé

Olùkọ́ ti kọ ìṣirò márùn-ún sójú pátákó. Àwọn ọmọ tẹrí ba sórí ìwé, kálukú ń sáré kọ tirẹ̀ kí wọ́n tó nù ún kúrò. Ọmọdékùnrin kan ní ìlà kẹta kọ èkíní tán, ó kọ ìdajì èkejì, ó dúró. Ó wo pátákó, ó wo ìwé, ó tún wo pátákó. Kò mọ ibi tó kọ ọ́ dé mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ìgúnpá gún un. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Kí ó tó di aago mẹ́wàá, ó ti gbórí lé tábìlì, oorun ti gbé e lọ.

Iléèwé ìjọba kan nìyí ní Adidogomé, lápá ìwọ̀-oòrùn Lomé, olú-ìlú Togo. Ẹni tó bá wo ọmọ náà kò ní rí àìsàn kankan lára rẹ̀. Ó ga, ara rẹ̀ ń dán, ó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ní ọdún tó kọjá, bí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn tó mọ̀wé jù ní kíláàsì, tirẹ̀ kì í gbẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni alùpùpù kan gbá a níbi tó ti ń sọdá títì lọ ra búrẹ́dì. Ó dákú. Ọjọ́ mélòó kan kọjá ní ọsibítù kí ó tó lajú, kí ó tó pe ìyá rẹ̀.

Ìyá yẹn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà Assigamé, fi ibi tí àpá náà wà hàn mí lẹ́yìn etí ọmọ. Kò gùn ju ìka kan lọ, irun sì ti bò ó. "Wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá, ká máa lọ sílé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àwọn èèyàn wá bá wa yọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ó ku nǹkan kan."

Iléèwé ni ohun tó kù ti fara hàn. Olùkọ́ ní ọmọ náà ti ya ọ̀lẹ. Bàbá rẹ̀ ní oríkunkun ni, pé ìkẹ́ tí wọ́n kẹ́ ẹ ní ọsibítù ló bà á jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fún un lórúkọ tí kò dára. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò rí àlàyé ṣe, nítorí ohun tó ń ṣe é kò yé òun náà.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọpọlọ rẹ̀ ló farapa, kò sì tíì san tán. Ọsibítù ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, iléèwé kò sì mọ̀ pé tòun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń sọnù sí ní Lomé, bẹ́ẹ̀ ohun tí a lè fi dí àlàfo náà kò ṣọ̀wọ́n tó bí a ṣe rò.

Ohun tí ojú kò rí

Àwọn dókítà ya ìpalára yìí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n bí mọ́ ọmọ. Ọmọ ti wà láyé, ó ti ń dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kí nǹkan tó dé bá ọpọlọ rẹ̀: ọkọ̀ gbá a, ó já bọ́ láti orí igi máńgòrò, ibà gun orí, àrùn yírùnyírùn kọ lù ú, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé apá kan nínú ọpọlọ, tàbí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Awọ orí á san. Eegun á tò. Ọpọlọ kì í yára bẹ́ẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Àárẹ̀ ni àwọn òbí sábà máa ń kọ́kọ́ rí. Ọmọ tó jí láàárọ̀ kùtùkùtù, tó wọ kíláàsì pẹ̀lú àwọn yòókù, lè ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi. Gbígbọ́ ohùn olùkọ́ láàárín ariwo, gbígbé ojú láti pátákó sí ìwé, rírántí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ: iṣẹ́ tí ọmọ mìíràn ń ṣe láìmọ̀ pé òun ń ṣe é ti di ẹrù lórí rẹ̀.

Ìgbàgbé tẹ̀ lé e. Ó lè kọ gbogbo orin tó kọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kó má rántí ohun tí wọ́n rán an ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ìwà náà lè yí padà. Apá iwájú ọpọlọ, èyí tó wà lẹ́yìn iwájú orí wa gan-an, ló ń kó èèyàn níjàánu. Òun ló ń jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ ká tó sọ ọ́, ká fara balẹ̀ dúró de àǹfààní wa, ká to iṣẹ́ léra wọn. Bí orí bá lu nǹkan, apá yìí wà lára ibi tó máa ń tètè fara gbá a. Ọmọ jẹ́jẹ́ lè wá di ẹni tó ń gbaná jẹ lójijì, tó ń sọ ohunkóhun tó bá wá sí i lẹ́nu níwájú àgbà, tó ń sunkún láìsí ẹni tó nà án. Ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí a ti ń fi ìwà ọmọ wọn ilé tó ti jáde, ẹ̀bi èyí kì í pẹ́ tó fi ń wọlé tọ ìyá.

Olùkọ́bìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní àdúgbò Bè sọ fún mi pé láti ìgbà tóun ti ń kọ́ni, òun ti rí àwọn ọmọ mélòó kan tí wọ́n yí padà lẹ́yìn àìsàn tàbí ìjàǹbá. "Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, pé ó máa lọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa ní nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́."

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ pàápàá gbà pé bí ọmọ bá ṣe kéré tó ni ọpọlọ rẹ̀ á ṣe tètè tún ara rẹ̀ ṣe tó. Orúkọ Margaret Kennard, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ni wọ́n so mọ́ èrò náà. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ọmọ kékeré ṣì ń kọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó bá bà jẹ́ nígbà náà lè dí ọ̀nà mọ́ ohun tí ọmọ kò tíì kọ́ rárá.

Lórí zémidjan

Ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé Lomé àti àwọn àdúgbò tó so mọ́ ọn ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Alùpùpù ló ń gbé púpọ̀ nínú wọn kiri: zémidjan, tí àwọn ará Togo tún ń pè ní oléyia. Bí ẹ bá dúró ní oríta Déckon láàárọ̀ ọjọ́ iléèwé, ẹ óò rí bàbá kan lórí alùpùpù pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Bàbá dé akoto. Orí àwọn ọmọ wà lófìfo.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ìjàǹbá ojú títì ló ń pa àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ lágbàáyé. Àwọn tó kú nìyẹn. Àwọn tó yè, tí wọ́n padà sí kíláàsì, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó farapa ní Lomé ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á gbé ọmọ dé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò orí rẹ̀ bí owó bá wà. Bí ó bá lajú, tó jẹun, tó rìn, tó mọ orúkọ ara rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó máa lọ, nítorí ẹlòmíràn ń dúró de ibùsùn. Òun kò dá àwọn dókítà lẹ́bi. "Iṣẹ́ wa ni pé kó má kú," ló wí. "Bó ṣe máa ka ìwé kò sí lórí fáìlì wa."

Ibà, yírùnyírùn àti foníkú-fọládìde

Àwọn kan rò pé ìjàǹbá nìkan ló ń ṣe ọpọlọ ọmọ báyìí. Ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, ẹ̀fọn náà ń ṣe é.

Ibà tó gun ọpọlọ ni irú èyí tí ọmọ fi ń gbọ̀n jìnnìjìnnì títí yóò fi dákú. Púpọ̀ nínú àwọn tó bá tètè dé ọsibítù ló ń yè. Ní 2008, Chandy John, Michael Boivin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde láti Kampala ní Uganda. Wọ́n tọpasẹ̀ àwọn ọmọ ọdún 5 sí 12 tí wọ́n ti yè nínú irú ibà yìí. Lẹ́yìn ọdún méjì, nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́rin ló ní ìṣòro nínú ìrònú, ìrántí tàbí ìfarabalẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́tàlá péré ló ní in láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn ní àdúgbò tí irú ibà náà kò ṣe. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti jáde láti Kilifi ní Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti rí i pé ó ń kan ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọ, àti láti Blantyre ní Màláwì, níbi tí wárápá ti bẹ̀rẹ̀ lára àwọn kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ.

Ẹ ro ohun tí ọ̀kan nínú mẹ́rin túmọ̀ sí ní ìlú tí kò sí ilé kan tí ibà kò dé rí.

Àrùn yírùnyírùn ń jà jù ní apá àríwá Togo, ní agbègbè Savanes àti Kara, tó wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ tó nà láti Senegal dé Etiópíà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára MenAfriVac, tí wọ́n gún níbẹ̀ ní 2014, ti lé oríṣi kan jìnnà, ṣùgbọ́n oríṣi mìíràn ṣì wà. WHO ní nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún tó bá yè nínú àrùn náà ni ìpalára ń bá gbé: etí dídi, wárápá, àìlèfarabalẹ̀. Àwọn ìdílé láti àríwá ń kó wá sí Lomé lójoojúmọ́, àwọn ọmọ wọn sì ń wọ kíláàsì níbẹ̀ láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè àìsàn tó ti ṣe wọ́n rí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti foníkú-fọládìde. Ọmọ tó ní irú SS lè ní rọpárọsẹ̀ láti kékeré. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998 fi hàn pé nǹkan bí mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí kí wọ́n tó pé ogún ọdún, bí wọn kò bá rí ìtọ́jú tó ń dènà rẹ̀. Ìyẹn ni èyí tí a rí. Irú kan wà tí kò ní rọ apá, tí kò ní rọ ẹsẹ̀, tí ẹnu kò sì ní wọ́. Ẹ̀jẹ̀ kàn kọ̀ láti dé ibi kékeré kan nínú ọpọlọ, ibẹ̀ sì kú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ SS ló máa ń ní irú rẹ̀ kí wọ́n tó di ọ̀dọ́. Àmì kan ṣoṣo tí àwọn òbí lè rí lè jẹ́ pé máàkì ọmọ ń lọ sílẹ̀.

Ìyá kan ní Hédzranawoé sọ pé ọmọbìnrin òun tó ní àrùn náà tún kíláàsì kan kà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ pé nítorí ó ń pa iléèwé jẹ nígbà tí egungun bá ń dùn ún ni. Nígbà tí dókítà kan wá ní kí wọ́n ya fọ́tò orí rẹ̀, wọ́n bá ohun tí kò sẹ́ni tó rò.

Ọ̀nà wà láti dènà rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé lé ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ, tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú iṣan ọpọlọ. Ní Kano, ìwádìí tí Michael DeBaun àti àwọn dókítà Nàìjíríà ṣe fi hàn pé oògùn hydroxyurea lè dín rọpárọsẹ̀ kù gidi lára àwọn ọmọ tí ẹ̀rọ náà ti fi ewu hàn lára wọn. Lomé ní ibùdó ìjọba tó wà fún ìtọ́jú àti ìwádìí lórí àrùn yìí nìkan. Ohun tí mo fẹ́ kí iléèwé mọ̀ ni pé ọmọ SS tí máàkì rẹ̀ já lulẹ̀ lójijì yẹ kó padà sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n tó ní kó tún kíláàsì kà.

Gìrì àti àgbo

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wa ká fo gìrì dá. Àwọn Yorùbá tó wà ní Lomé, tí àwọn onílé ń pè ní Anago, kó ọjà wá, wọ́n kó èdè wá, wọ́n sì kó àgbo wá. Bí gìrì bá gbé ọmọ nínú ilé, ìyá àgbà kan á sáré mú ìgò jáde.

Àgbo kan wà tó yẹ ká sá fún: èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù pò mọ́ ewé tábà, ẹ̀fínrín, àlùbọ́sà àti aáyù. Láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ti kọ̀wé nípa ìpalára rẹ̀. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lulẹ̀, ṣúgà yẹn sì ni oúnjẹ ọpọlọ. Ọmọ tí ibà ti fi ebi pa ọpọlọ rẹ̀ tún wá mu ohun tó ń gba ìwọ̀nba tó kù lẹ́nu rẹ̀. Bó bá yè, ìdílé á ní àgbo ló wò ó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí kò bá lè ka A, B, D mọ́, wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

Mi ò sọ èyí láti bú àwọn ìyá wa àgbà. Ìfẹ́ ọmọ ló ń sáré mú ìgò yẹn. Ọmọ tí gìrì gbé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Èdè mẹ́ta lẹ́nu ọmọ kan

Ọmọ Anago ní Lomé ń sọ Yorùbá nílé, Mina ní ọjà àti ní pápá bọ́ọ̀lù, Faransé ní kíláàsì. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá kì í mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ farapa lè ṣì máa sọ Yorùbá dáadáa, kí Faransé tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa sá fún un. Bí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, ìdáhùn wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé e jáde ní èdè tí wọ́n fi bi í.

Iṣẹ́ àwọn tí Faransé ń pè ní orthophoniste nìyí, àwọn tó ń tún ọ̀rọ̀ sísọ àti kíkà ṣe. Lomé ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Áfíríkà kò ní lórí èyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni ilé ẹ̀kọ́ ENAM, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ yìí, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá síbẹ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà. Wọ́n tún ń kọ́ àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá.

Ọ̀kan nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ sọ fún mi pé ìdánwò tí wọ́n fi ń wo ọ̀rọ̀ ọmọ, Faransé ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ọmọ Paris ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. "Wọ́n ya àwòrán yìnyín, wọ́n ní kí ọmọ pè é lórúkọ. Ṣé ọpọlọ rẹ̀ ló kọ̀, àbí kò rí yìnyín rí?" Ohun tóun máa ń ṣe ni pé òun á ní kí ìyá wọlé, kó bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní èdè ilé, kóun máa wò wọ́n. Níbẹ̀ lòun ti máa ń mọ bí ìpalára náà ṣe tó.

Owó ọkọ̀ ni ìṣòro tó kù. Ètò adójútòfò ìlera School Assur, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2017 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé ìjọba, ran àwọn òbí lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ bá ṣàìsàn. Àmọ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe ohun ìgbà kan. Ìyá tó ń ti Agoè wọ ìlú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù á pàdánù ọjà ọjọ́ méjèèjì. Púpọ̀ nínú wọn ló ń dá a dúró bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tó yé èèyàn.

Pàṣán tí òfin gbà lọ́wọ́ olùkọ́

Nínú gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó ń gbàgbé ní kíláàsì, ẹgba ló burú jù. Togo ti fi òfin dè é. Ìwé Òfin Ọmọdé, tó jáde ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2007, kọ nínà ọmọ nílé, ní iléèwé àti níbikíbi mìíràn. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Pàṣán ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíláàsì púpọ̀, àwọn olùkọ́ kò sì fi pa mọ́ fún mi. Ọ̀kan ní àwọn ọmọ tóun ń kọ́ ju ọgọ́rin lọ. Láti 2008 tí ìjọba ti fagi lé owó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń wọlé wìtìwìtì. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n kíláàsì àti olùkọ́ kò pọ̀ sí i bákan náà. Ẹni tó dúró níwájú ọgọ́rin ọmọ kò ní àyè láti bi ọ̀kan ṣoṣo léèrè ìdí tó fi ń sùn.

Mo gbọ́ ohun tó ń sọ, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹgba kò lè mú ọpọlọ rántí ohun tí kò gbà wọlé. Ohun tó ń kọ́ ọmọ náà ni ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù sì ń lé ìwọ̀nba ìrántí tó kù sá. Bí wọ́n bá sì gbá a létí, ọpọlọ tó ti farapa lẹ́ẹ̀kan tún gba ìgbọ̀nrìrì mìíràn.

Ní iléèwé kan ní Tokoin, ọ̀gá iléèwé gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọbìnrin kan padà dé lẹ́yìn ibà tó gun ọpọlọ. Ọ̀gá ní kó máa wá láàárọ̀ nìkan fún oṣù kan, kó máa lọ sílé nígbà ìsinmi. Lẹ́yìn náà ó fi wákàtí kan kún un, ó tún fi òmíràn kún un. Wọ́n gbé e sí iwájú, jìnnà sí fèrèsé tó kọjú sí títì. Olùkọ́ kò ní kó da ohun gígùn kọ mọ́. Ọmọ kan tó yára kọ̀wé ń kọ tirẹ̀ sórí ìwé méjì, ó sì ń fún un ní ọ̀kan. Bí wọ́n bá rán an ní iṣẹ́, ọ̀kan ni wọ́n ń rán an lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì ní kó tún un sọ kó tó dìde. Bí wọ́n bá rí i tó ń fọwọ́ pa ojú, wọ́n á jẹ́ kó lọ jókòó lábẹ́ igi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Gbogbo èyí kò náni ní fránkì kan. Ọ̀gá náà ní ohun tó le jù ni àwọn òbí yòókù, tí wọ́n ń béèrè ìdí tí ọmọ kan fi ń sinmi nígbà tí tiwọn ń kàwé.

Òfin tí kò rí wọn

Togo kò ṣàìní òfin lórí àwọn aláàbọ̀ ara. Òfin 2004-005 ti ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2004 dá ààbò bò wọ́n. Ní 2011, Togo fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ wọn, èyí tí abala 24 rẹ̀ sọ pé iléèwé gbọ́dọ̀ ṣe àyípadà tó yẹ fún ọmọ tó nílò rẹ̀. Ẹgbẹ́ FETAPH, tó kó àwọn ẹgbẹ́ aláàbọ̀ ara jọ, ń jà fún un. Ní apá àríwá, ní Dapaong àti Kara, Handicap International, tó ń jẹ́ Humanity & Inclusion láti 2018, bá ìjọba dá ètò olùkọ́ alárìnká sílẹ̀: olùkọ́ kan á máa lọ láti iléèwé dé iléèwé, á jókòó ti ọmọ tó ní ìṣòro, á sì fi han olùkọ́ kíláàsì bí yóò ṣe ṣe é.

Ọmọ afọ́jú ń rí ìrànwọ́ níbẹ̀. Ọmọ adití náà ń rí i. Ọmọ tó rìn wọlé, tó ń ríran, tó ń gbọ́ràn, tó sì jẹ́ pé ọdún kan sẹ́yìn ló gba ipò kìíní, àpótí wo ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sí? Amẹ́ríkà yanjú ìyẹn ní 1990, nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ wọn fún ìpalára ọpọlọ ní àyè tirẹ̀ láàárín àwọn ohun tí iléèwé gbọ́dọ̀ ṣètò fún. Láti ìgbà náà ni iléèwé ti ní ìdí láti wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kàn. Àyè kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù iléèwé ní Togo á ṣí ilẹ̀kùn fún olùkọ́ alárìnká láti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìwé olójú kan

Ọdún kan kò tó fún ìtọ́jú ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ farapa, àwọn òbí kì í sì í mọ̀. Apá iwájú ọpọlọ ń dàgbà títí di ìgbà tí èèyàn bá lé ní ogún ọdún. Ọmọ tó farapa ní ọmọ ọdún méje lè ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ já, kó gba ìwé ẹ̀rí CEPD, kí gbogbo ilé rò pé ó ti tán. Nígbà tó bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí olùkọ́ mẹ́jọ ń wọlé jáde, tó di òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ to iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ohun tó ti farapa látijọ́ á ti fara hàn. Àwọn olùkọ́ tuntun kò mọ nǹkan kan nípa alùpùpù ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Nítorí náà, ohun tí mo rò pé Lomé lè kọ́kọ́ ṣe kéré, kò sì nílò olówó òkèèrè. Kí ọmọ tó dákú, tí gìrì gbé, tàbí tó ní rọpárọsẹ̀ tó kúrò ní ọsibítù, kí dókítà kọ ìwé olójú kan sí ọ̀gá iléèwé, ní Faransé tó rọrùn. Kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kó sọ pé ó lè máa rẹ ọmọ náà, ó lè máa gbàgbé, inú lè máa tètè bí i, pé ẹgba kò gbọ́dọ̀ kàn án, pé kó má gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbà báyìí báyìí. Kó sọ ibi tí òbí àti olùkọ́ lè lọ bí nǹkan bá burú sí i. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ òbí, kí ó tẹ̀ lé ọmọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò CEPD àti BEPC lè rí i bí wọ́n bá bẹ̀ wọ́n fún àfikún àkókò.

Òǹtẹ̀ ọsibítù gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Bàbá kan tó ti gbìyànjú láti ṣàlàyé lẹ́nu fún ọ̀gá iléèwé mẹ́ta ló tẹnu mọ́ èyí fún mi. Ó ní bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní bàbá tó ń gbèjà ọmọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ìwé tó ní òǹtẹ̀ bá dé orí tábìlì, wọ́n á ní kóun jókòó.

Àwọn orthophoniste tí ENAM ń kọ́ lè bá àwọn dókítà ṣe ìwé náà. Àwọn kan nínú wọn ti ń kọ irú rẹ̀ fúnra wọn fún ọmọ tó bá wá sọ́dọ̀ wọn, àmọ́ ìwọ̀nba ọmọ ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn wọ́ọ̀dù ọsibítù CHU Sylvanus Olympio àti CHU Campus, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó farapa gidi ní Lomé ń gbà kọjá kí wọ́n tó padà sílé.